Ẹni Tó Wà Nínú Shuvai

Ní abẹ́ òkè Hwedza, gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ìborùn bò. Ìyá ní in, ọmọ ní in. Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá láti ibòmíràn pàápàá, bó bá pẹ́ díẹ̀ lórí oúnjẹ wọn, ọrùn tirẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ṣùgbọ́n ti Shuvai, aya Jairosi, kọjá ti ẹgbẹ́. Láti ìgbà ọmọge ló ti wà lọ́rùn rẹ̀, kókó lórí kókó, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú. Bó bá sọ̀rọ̀ nípàdé ẹbí, àwọn àgbà á gbọ́ ọ tán, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ tiwọn lọ bí ẹni pé ewúrẹ́ ló ké níta. Wọn ò kórìíra rẹ̀ o. Wọn ò kà á kún ni, ìyẹn sì dùn ún ju ìkórìíra lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Garikai, òun náà sì ti fẹ́ Ratidzo wálé. Ká ní báyìí náà ni Shuvai ṣe dàgbà tó sì kú, èmi ò ní rí ohun tí màá sọ nípa rẹ̀.

Ọdún kan wá dé tí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n máa po áyódìn mọ́ gbogbo iyọ̀ tí wọ́n bá ń tà, nítorí pé àìsí nǹkan yìí nínú oúnjẹ ló ń fa gẹ̀gẹ̀. Àṣẹ tó dára ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbà là. Iyọ̀ tuntun dé sọ́ọ̀bù, Shuvai rà á bí gbogbo ayé ṣe rà á, ó fi se ẹ̀fọ́, ó fi se ẹran gbígbẹ. Nígbà tí òjò ọdún náà fi máa dá, ara rẹ̀ kò gbé ibì kan mọ́.

Ó roko tirẹ̀ tán, ó bọ́ sí ti Ratidzo. Ó ti ibẹ̀ bọ́ sí oko aládùúgbò tí kò bẹ̀ ẹ́. Ó gbálẹ̀ àgbàlá, ó wẹ̀yìn, ó tún un gbá. Bí wọ́n bá gbé sadza, òkèlè àgbàdo wọn, kalẹ̀, ó ń jẹ ju Garikai tó ń fi màlúù túlẹ̀ láti òwúrọ̀, síbẹ̀ eegun èjìká rẹ̀ ń yọ síta lójoojúmọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ọbẹ̀ fi ń dà sílẹ̀ kó tó dẹ́nu. Ní oṣù kẹfà, àárín ìgbà òtútù ibẹ̀, nígbà tí yìnyín ń bo koríko láàárọ̀, Jairosi ń gbọ̀n lábẹ́ kúbùsù méjì, ìyàwó rẹ̀ sì sùn sẹ́nu ọ̀nà láìdaṣọ bora, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Sísùn gan-an kọ́, nítorí oorun ti jìnnà sí i. Àyà rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá lé, ọ̀rọ̀ sì ń tira wọn jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyá Garikai, jókòó díẹ̀,” ni Jairosi sọ fún un níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Gwatidzo, olórí ẹbí wọn. “Ṣé ẹ̀gún wà lórí àga ni?”

“Bí mo bá jókòó, ẹnì kan á gbé mi dìde.”

Gwatidzo gbé ife ọtí rẹ̀ sílẹ̀. “Ta ló ń gbé ọ dìde?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Inú mi níbí ló wà. Kì í sùn.”

Bàbá náà mu ọtí rẹ̀ tán, ó sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n ilé ayé ti fi nǹkan kan hàn án, tàbí bó ṣe rò nìyẹn. Láti ìgbà tí ẹni tí ẹ̀mí Chitsike, baba ńlá wọn, ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ ti kú, ìdílé wọn kò ní ẹnu mọ́. Àwọn ìdílé tó kù ní, wọ́n sì ń fi í yangàn. Gbogbo ẹni tó sì gbọ́n lábẹ́ òkè náà mọ bí baba ńlá ṣe ń wọlé: ẹni tó yàn á kọ́kọ́ ṣàìsàn, ara rẹ̀ á gbóná, á máa gbọ̀n, á rù, ojú rẹ̀ á ranjú, oorun á kọ̀ ọ́. Ẹ wo Shuvai kí ẹ sọ fún mi èwo ni kò sí níbẹ̀. Èmi ò ní fi Gwatidzo ṣẹlẹ́yà. Bó o bá mọ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹni tó bá gbabẹ̀ wá ni wàá pè lálejò.

Lọ́jọ́ kejì ó mú aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń bọlá fún ẹ̀mí wá, òun àti àwọn àgbà mìíràn. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n fún Shuvai ní áṣáà, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ọba. “Baba ńlá, ẹ káàbọ̀,” ni Gwatidzo wí. “Kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ báyìí?”

Shuvai wo orí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, orí tí kò tẹ̀ fún un rí. Kò rò ó rárá pé irọ́ lòun ń pa. Nǹkan kan ń bẹ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ó ń lù, ó ń jó, ó ń lé e kiri. Ta ló tún lè jẹ́? Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì tú jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn agbo ewúrẹ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Obìnrin kan láti òdìkejì odò Save bi í léèrè màlúù rẹ̀ tó sọnù. “Ó wà ní àfonífojì onífèéfé,” ni Shuvai wí láì mí. Wọ́n bá a níbẹ̀. Níbo ni màlúù tó ń wá omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ìbá tún lọ? Ṣùgbọ́n òkìkí kì í béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Inú Shuvai dùn, kí a má parọ́. Ó ń rù, ó ń gbóná, àyà rẹ̀ ń já, inú rẹ̀ sì dùn.

Ratidzo, ìyàwó Garikai, nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó ń dirun fún ìyá ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan, ó rí bí iṣan ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ ṣe ń lù kíkankíkan, tí kò sinmi. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

“Baba ńlá yín yìí ń jẹ ìyá yín tán lọ.”

“Má jẹ́ kí Baba Gwatidzo gbọ́ ohun tó o sọ yẹn.”

“Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín nìyẹn.”

“Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ọmọ ni mí nínú ilé yìí.”

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ kò gbọdọ̀ já ẹ̀mí baba ńlá níyàn, ìyàwó ilé ni kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fẹnu kàn án, Jairosi sì jẹ́ ẹni tó ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó mọ bóyá ebi ń pa òun. Ẹnì kan ṣoṣo ni àṣà fún láyè. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rẹ́ àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní sahwira: òun ló ń sin òkú wọn, òun ló sì lè bú wọn, kó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kó sọ ohun tí gbogbo ẹnu gbé mì. Ẹni tó bá bínú sí sahwira ló jẹ̀bi. Ti ìdílé Jairosi ni Dzingai, ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹ̀rín kì í tán lójú rẹ̀. Ratidzo rìn dé ilé rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ohun tó rí.

“Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ṣe àsè ẹ̀mí náà?” ni Dzingai bi í.

“Ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan, Baba. Wọ́n fẹ́ kó jó mọ́jú. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní rí àárọ̀ náà.”

“Lọ sílé. Má sọ pé o rí mi.”

Ọ̀sán ọjọ́ àsè ni Dzingai dé. Àgbàlá ti kún, ọtí ọkà ń hó nínú ìkòkò. Ó so igbá kan mọ́ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bíi gẹ̀gẹ̀, ó we gèlè, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, ó sì ń sáré gbá àgbàlá yípo, ó ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn àgbà mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n bu omi mu, ó ń dà á sáyà. Àwọn obìnrin fi aṣọ di ẹnu. Kò pẹ́, ẹ̀rín bẹ́.

“Dzingai,” ni Gwatidzo wí, “má ṣeré níbi tí Chitsike wà.”

“Chitsike wo? Èyí tí bàbá mi sin ni?” Dzingai tú gèlè. “Bàbá mi sọ fún mi pé ọkùnrin yẹn kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí àfi bí ẹ̀yìn bá ń yún un. Ó ń yáná ní oṣù kẹwàá tí ooru mú jù. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé àga rẹ̀ tẹ̀lé òjìji. Ọ̀lẹ tó láyọ̀ jù lábẹ́ òkè yìí! Ṣé òun ló wá kú tán tó ń roko olóko?”

Kódà Jairosi rẹ́rìn-ín, ó sì yára wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Shuvai dìde nínú aṣọ dúdú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. “O fẹ́ bú mi?”

“Mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí o bá bínú, ewúrẹ́ kan ni ìtanràn.” Ohùn Dzingai rẹlẹ̀. “Mi ò bú ọ, Ìyá Garikai. Ẹni tó wà nínú rẹ ni mò ń bá wí. Bó bá jẹ́ Chitsike, ìjókòó ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù. Kó jókòó fún mi. Kó jókòó títí màá fi mu ife ọtí yìí tán, màá sì dọ̀bálẹ̀ fún un.”

Ìbéèrè náà kéré lójú gbogbo ènìyàn. Ọmọdé lè ṣe é. Shuvai jókòó. Dzingai fi ife kan ẹnu, ó mu díẹ̀, ó wo ọ̀run, ó tún mu díẹ̀. Shuvai di ìdí àga mú. Orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ náà ń gbọ̀n lórí orúnkún tó ń gbọ̀n. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé gbogbo wọn ń wo òun, ó mọ̀ pé bí òun bá dìde, gbogbo rẹ̀ parí, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ fẹ́ láti jókòó. Ife kò tíì dé ìdajì nígbà tó fò dìde. Kò mọ ìgbà tó dìde. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó rí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ó ní, “Ẹ gbà mí,” ó sì ṣubú.

Dzingai àti Garikai gbé e sínú kẹ̀kẹ́ màlúù. Gwatidzo dúró sójú ọ̀nà. “Ẹ ò lè gbé baba ńlá lọ sílé ìwòsàn.”

“Bó bá jẹ́ Chitsike ni, á mọ̀nà padà wá,” ni Dzingai wí, ó sì na màlúù.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Chiedza ni dókítà tó tọ́jú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ náà ni, kì í kánjú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Shuvai, wọ́n fún un ní oògùn tó mú kí ọkàn rẹ̀ rọra lù, nígbà tó sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀, dókítà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀.

“Ìyá, ẹran kékeré kan wà lọ́rùn gbogbo ènìyàn, òun ló ń pèsè òjíṣẹ́ kan. Họ́mónù là ń pè é. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá rìn. Ó ń lọ bá ọkàn, ó ń lọ bá ìfun, ó ń lọ bá iṣan, ó ń sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa yára tó. Bó bá kéré jù, ènìyàn á máa falẹ̀, òtútù á máa mú un. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀yin gan-an lẹ lè sọ bó ṣe ń rí fún mi.”

“Ta ló ń wọ̀n ọ́n?”

“Nǹkan kan tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, lábẹ́ ọpọlọ. Òun náà ní òjíṣẹ́ tirẹ̀. Bó bá tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò tó rí i pé kò tó, á ránṣẹ́ sí ọrùn pé kó ṣe sí i. Bó bá ti tó, á panu mọ́, ọrùn náà á sì rọra. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé nìyẹn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.”

“Tèmi ni kò gbọ́ràn.”

“Ebi ló kọ́ ọrùn yín ní àìgbọràn. Áyódìn lọrùn fi ń ṣiṣẹ́, tiyín kò sì rí i jẹ láti kékeré. Orí ń pariwo pé ṣe é, ṣe é. Ọrùn ń wú kó lè gbá ìwọ̀nba tó ń kọjá mú. Ó pẹ́, ó pẹ́, àwọn kókó kan nínú rẹ̀ ò dúró de àṣẹ mọ́, wọ́n ń dá ṣe tiwọn. Kò sí ewu, torí kò sí ohun èlò. Ìgbà tí iyọ̀ tuntun wá kó ohun èlò dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Orí yín ti dákẹ́ pátápátá báyìí, Ìyá. Mo rí i nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Wọn ò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀.”

Shuvai yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn dókítà. “Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fẹ̀gún sọ́wọ́. Ratidzo, kó iyọ̀ yẹn dànù.”

“Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o,” ni dókítà wí. “Iyọ̀ kò ṣẹ̀. Bí Ratidzo bá lóyún, iyọ̀ yẹn gan-an ni ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ máa fi dàgbà. Ara yín tó ti pẹ́ nínú ebi ni kò mọ bó ṣe máa gbà á. A ó fi oògùn dá àwọn kókó náà lẹ́kun. Ẹ má fi ọjọ́ kan fò ó.”

Shuvai fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ dìde díẹ̀. “Ṣé ohun tó ò ń sọ ni pé kò sí Chitsike?”

“Èmi ò mọ ibi tí Chitsike wà, Ìyá. Ohun tó ń gbé yín dìde ni mo mọ̀.”

Shuvai kọjú sí ògiri, ó sunkún. Ratidzo rò pé ẹ̀rù àìsàn ló ń bà á, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kì í ṣe ẹ̀rù. Àtẹ́wọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yẹn ló ń sunkún rẹ̀.

Oògùn ṣiṣẹ́, kò kánjú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ara rẹ̀ kún. Alẹ́ dé, ó sun oorun àsùnhanrun, ó sì béèrè kúbùsù. Jairosi yọ̀ bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ara tó balẹ̀ kò dùn bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ó ń jí, kò sí ohun tó ń lé e. Bó bá sọ̀rọ̀ nípàdé ẹbí, àwọn àgbà ń gbọ́ ọ tán, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Gwatidzo nìkan ni kò tíì tú u sílẹ̀. “Bí ará ìta bá bi ọ́ bóyá Chitsike ti lọ, má dáhùn,” ló sọ fún un. “Ẹ̀mí ń lọ, ẹ̀mí ń bọ̀. Ìwọ ṣáà dákẹ́. Ìdílé yìí nílò rẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Nígbà wo ni ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí? Ó dáwọ́ oògùn dúró, kò sọ fún ẹnì kankan. Ooru náà padà, ó kọ́kọ́ rọra, ó wá gbóná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yún un, ẹnu rẹ̀ fúyẹ́, ó roko dé òdìkejì ọ̀nà, àwọn aládùúgbò sì tún ń wò ó tìyanutìyanu. Ó lọ pọnmi lódò. Ó gbé omi rù, ó gun òkè díẹ̀, àyà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó gbàgbé, ó tún fò. Ó gbé omi sílẹ̀, ó di igi kan mú. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ, pé bí òun bá kú síbí, kò sí baba ńlá kankan tó máa bá òun kú. Òun nìkan ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dé ilé, ó gbé oògùn mì, ó sì sọ fún Ratidzo kó máa kà á sí òun lọ́wọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí ara rẹ̀ ti rọ̀, àlejò kan wọlé. Ọmọbìnrin ni, Nyembesi lorúkọ rẹ̀, ó rìn wá láti òdìkejì Save, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó tẹ́ aṣọ dúdú síwájú Shuvai, ó gbé áṣáà lé e, ó kúnlẹ̀, ó sì ń pàtẹ́wọ́. Jairosi àti Gwatidzo ń bẹ lábẹ́ igi, wọ́n dá ọ̀rọ̀ dúró.

“Ọkọ mi lọ ṣiṣẹ́ kùsà ní Johannesburg,” ni Nyembesi wí. “A ti kórè, a tún ti kórè, kò sí ìró rẹ̀. Ẹ bá mi bi baba ńlá bóyá ó wà láàyè.”

“Dìde, ọmọ mi. Kò sí baba ńlá níbí.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ ibi tí màlúù ẹ̀gbọ́n mi wà.”

“Omi ni màlúù ń wá. Àìsàn ló ń ṣe mí nígbà yẹn, ẹnu mi kò dúró.”

Gwatidzo wúkọ́ lábẹ́ igi. Nyembesi kò dìde. Omi ti lé sí i lójú. “Ẹ jẹ́ kí ẹnu yín má dúró lónìí náà, Ìyá. Ẹ ṣáà sọ pé ó wà láàyè. Mi ò ní bi yín bí ẹ ṣe mọ̀.”

Shuvai ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni, ọmọ náà á lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀, àwọn bàbá abẹ́ igi á sì tún jókòó sílẹ̀ níwájú òun. Àánú ọmọbìnrin náà ń ṣe é gidigidi. Àánú ara rẹ̀ náà ń ṣe é.

“Mi ò mọ̀, ọmọ mi,” ló wí. “Ì bá wù mí kí n mọ̀.”

Nyembesi di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Àyà yín kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan fún yín?”

Shuvai gbé ọwọ́ kejì lé àyà rẹ̀, ó sì fetí sí i dáadáa, nítorí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni tó rìn jìnnà.

“Rárá,” ló wí. “Ó kàn ń lù ni.”